Wo Ojú Wọn Kí O Tó Kúnlẹ̀

Igbein,
Abẹ́òkúta.

Bùkọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Mi ò ní bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni o wà, mi ò sì ní sọ fún ọ pé dáadáa ni èmi náà wà. Tí o bá kà á síwájú díẹ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín pé mọ̀ọ́mì jókòó kọ lẹ́tà lásìkò tí gbogbo ayé ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Rẹ́rìn-ín dáadáa. Tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà," o kò sì ní pè. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́nà Owódé lọ́hùn-ún, pẹ̀lú oyún oṣù méje nínú, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko rí. Àná nìkan ni o sọ̀rọ̀ pẹ́. O ní ẹsẹ̀ rẹ ti wú débi pé bàtà iṣẹ́ kò wọlé mọ́, mo sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni o fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni o sọ ohun tó mú kí n jí ní ìdájí yìí, tí mo ń wá bébà káàkiri ilé.

O ní màmá àgbà kan jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì níbi iṣẹ́ yín lọ́jọ́ Jímọ̀. O ní o kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." O bi wọ́n pé ṣé kò sí, wọ́n ní, "A dúpẹ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ọ́ pé ṣé oòrùn ti wọ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni. O ń rẹ́rìn-ín bí o ti ń sọ ọ́ fún mi. O ní kí o tó lọ gbé fáìlì kan dé, màmá ti dìde lọ. Mo bi ọ́ pé ta ló wà nítòsí wọn. O ní kò sí ẹnìkan, pé èrò ti lọ kírun, pé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Mo bi ọ́ pé báwo ni ojú wọn ṣe rí. O ní, "Mọ̀ọ́mì, mi ò wo ojú wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni mo rí. Wọ́n lé làálì, wọ́n sì ti fi òwú pupa rán okùn sálúbàtà wọn tó já."

Mo sọ fún ọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo sì ní kí a sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Irọ́ ni mo pa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára.

Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Níbi tí màmá yẹn bá ti jókòó, ẹnì kan wà nítòsí tó ń kú lọ láìpariwo, tí nọ́ọ̀sì kò sì rí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé onítọ̀hún wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí, o kàn ń kí i kọjá ni. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Mo ti sọ púpọ̀ nínú ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ èyí rí. Bàbá rẹ pàápàá kú láìgbọ́ ọ. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà ni, nílé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, torí pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, kì í ṣe àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́n lójú ara mi. Ìyá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ débi pé orúnkún mi a ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ẹni tí mo fẹ́ kí. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn mi nítorí rẹ̀. Wọ́n a máa sọ fún mátírọ́ọ̀nù pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mí, inú mi a sì máa dùn ṣìnkìn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ kan dànù lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó fara pa wá lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sì gba gbogbo ilé. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí apá rẹ̀ yẹ̀, ó ń pe orúkọ gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa sáré lọ. Màmá kan ti wà lórí bẹ́ńṣì kí wọ́n tó kó wọn dé. Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló mú wọn wá, ó sì ti lọ tò fún káàdì. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ ní ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, mà."

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

"Ṣé kò sí o, mà?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo dìde, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ara wọn le.

Rò ó wò. Mo kí ènìyàn, ó dá mi lóhùn bí ọmọlúwàbí, mo wá sọ ìkíni di àyẹ̀wò. Ta lo ti kí rí nílùú yìí tó sọ fún ọ pé òun ń kú lọ? Ẹni tó já bọ́ látorí òrùlé pàápàá, tí o bá kí i, a dúpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó sọ ibi tó ti kán.

Mo kọjá lẹ́ẹ̀kejì, mo kúnlẹ̀, a kí ara wa. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo rò pé ìjókòó ló sú wọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé abọ́ omi lọ́wọ́, orúnkún kan ṣoṣo ni mo lè fi kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé oòrùn ti wọ̀ ni?" Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tàn sórí ẹsẹ̀ wọn tí mo tẹjú mọ́. Mo ní, "Rárá o, mà, ọ̀sán ṣì ni." Mo bá tèmi lọ. Ojú wọn ló ń ṣú. Wọ́n ń sọ fún mi, èmi sì dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n bi ní aago.

Nígbà tí mo fi máa jáde nínú yàrá tí a ti ń di ojú ọgbẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò wọ́n láti orí. Ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta. Làálì wà lórí èékánná, sálúbàtà kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì ti bọ́ sílẹ̀, mo sì rí òwú pupa lára okùn rẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn dúró tì wọ́n, ó di káàdì mú. Kò sunkún. Ó ní, "Láti àárọ̀ ni àyà ti ń fún wọn. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Mo ní wọn ò sọ.

Ó ní, "Nígbà tí mo padà wá béèrè ọjọ́ orí wọn, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó ń kúnlẹ̀ yẹn máa tó dá àwọn lóhùn."

Mi ò lè ṣí aṣọ náà. Títí di òní yìí, mi ò mọ ojú wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní tí mo ní fún ọ nìyí, kò sì sí ìyá mìíràn ní Ẹ̀gbá tó máa fún ọmọ rẹ̀ ní irú ẹ̀: má kúnlẹ̀. Kọ́kọ́ dúró, kí o wo ojú. Wo ètè, ṣé ó ti funfun. Wo iwájú orí, ṣé ó ń làágùn nígbà tí ara àwọn yòókù gbẹ. Wo bí àyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Lẹ́yìn náà, tí o bá fẹ́, kúnlẹ̀. Ta ló tilẹ̀ ní kí ìwọ àti ikùn rẹ yẹn máa kúnlẹ̀ káàkiri?

Èkejì, kí wọn tán, kí o wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí a dúpẹ́ kò lè dáhùn. Tèmi ni pé, "Kí lẹ ṣe lánàá tí ẹ kò lè ṣe lónìí?" Màmá tó sọ pé kò sí á ní, "Lánàá mo pọnmi, lónìí mi ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà." Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó ń pariwo ní èémí tó fi ń pariwo. Jẹ́ kí ẹnì kan di apá rẹ̀ fún un, kí ìwọ máa lọ bá ẹni tó dákẹ́.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé màmá tìrẹ ni màmá tèmi. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn ikú wọn. Irú ọ̀sán tí atẹ́gùn kì í fẹ́ yẹn ni, gbogbo ilé dákẹ́, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin kan dá jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò bó, kò sì kérora. Mo ti ń kọjá lọ nígbà tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Màmá tó dìde fún mi níbí ní kí n má kúrò o, pé ẹ̀yin lẹ máa wò mí."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Bẹ́ńṣì ṣófo. "Màmá wo?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde báyìí ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Ojú tì í díẹ̀. "Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn ni, mà. Mi ò wojú wọn. Wọ́n ṣáà lé làálì sẹ́sẹ̀."

Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, ó sì lómi. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó le bíi pákó. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú ikùn rẹ̀ níbi tó ti jókòó jẹ́jẹ́ tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó yè é.

Mi ò ní ka gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e fún ọ. Ìgbà kan wà tí wọ́n kó bẹ́ńṣì yẹn dànù, wọ́n kó àga oníke wá. Inú mi dùn, mo rò pé ó parí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Òṣíẹ̀lẹ̀ fi gbogbo àga sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì wà tẹ́lẹ̀. Ó ní màmá kan ló ní kí òun jókòó síbẹ̀. Oyún tó dúró síbi tí kò yẹ ló ti bẹ́ nínú rẹ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lóyún. Òun náà kò wo ojú màmá, ó ti kúnlẹ̀ kí wọn. Gbogbo wa la lẹ́kọ̀ọ́. A lè kí òkú kí a sì kọjá.

Ọmọ ìjọ ni mí, o mọ̀. Mi ò sọ fún àlùfáà, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí màmá aládìrẹ tó ń kírun ní Ìtòkú fi ń dúró lọ́dọ̀ mi. Ó jọ pé wọ́n ṣì ń dúró kí nọ́ọ̀sì tó ń kúnlẹ̀ wá dá wọn lóhùn ni. Bí mo bá ti rí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì tó ṣófo lọ́sàn-án, irun ọrùn mi a dìde, èmi náà a sì dìde, mà á tún gbogbo èrò wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́ kí n máa bá ìmọ̀ràn lọ, iye tí mo kà dé kò yé mi mọ́.

Má bẹ̀rù láti bi àgbàlagbà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé Ìyá Káfáyà méjì wá bá mi lọ́jọ́ kan, mo sì ń pè wọ́n ní Ìyá Káfáyà torí pé ta ni mo jẹ́ tí mo máa pe orúkọ ìyá mi lásán. Díẹ̀ ló kù kí n gbé ẹ̀jẹ̀ èkíní kọ́ sí èkejì lára. Bẹ̀ wọ́n, sọ pé, "Mà, ẹ má bínú, kí lorúkọ tí ìyá yín ń pè yín?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ ọ́.

Tí o bá bi wọ́n nípa àgbo, má ṣe bú wọn. Ẹni tí o bú lónìí máa fi í pamọ́ fún ọ lọ́la, oògùn rẹ á sì lọ pàdé àgbo nínú ikùn.

Má kọ ohun tí o kò kà. Tí o kò bá ka èémí, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo ṣì ń rí "ara wọn le" tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.

Padà lọ. Ẹni tó jókòó fún wákàtí kan kì í ṣe ẹni tó wọlé mọ́. Tí o bá sì fẹ́ fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mú un dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kó fojú ara rẹ̀ rí i, má kàn na ìwé sí i.

Nípa màmá ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo bẹ̀ ọ́, rántí dáadáa. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí o gbàgbé. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Wá a rí, kí o wò ó.

Kí n má gbàgbé, jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Mu omi. Nọ́ọ̀sì náà ní ara, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ sì máa ń

Mo gbé kálàmù sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, Àbẹ̀kẹ́. Mo jókòó, mo ń wo ohun tí mo kọ.

Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹsẹ̀ tó wú, tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orí tó ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta, tí o ní ariwo aláìsàn ló fà á. Nígbà tí a sì fẹ́ parí ọ̀rọ̀ lánàá, o ní, "Ẹ jẹ́ kí n sáré kó aṣọ mi lórí okùn, mọ̀ọ́mì, ibi gbogbo ti ṣú, òjò ń bọ̀." Aago méjì ọ̀sán ni. Ìyá Ráṣídà aládùúgbò wa dé láti ọjà Owódé nírọ̀lẹ́ àná, ó ń ráhùn pé oòrùn ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ sun òun láàyè, pé kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì wọlé lọ jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni o wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni o fi ń sọ fún mi pé, "A dúpẹ́, mọ̀ọ́mì." Èmi tí mo kọ gbogbo èyí tó wà lókè, mo tún sọ ìkíni di àyẹ̀wò, lára ọmọ tí mo bí.

Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí, o kò gbé e. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo fi ránṣẹ́: "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mọ̀ọ́mì. A dúpẹ́." Mò ń wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wo bípí wà nínú báàgì mi.

Mo ti dé o.

Wọn kò jẹ́ kí n wọlé wá bá ọ, wọ́n ní òṣìṣẹ́ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní ṣé kò sí o, mà, ẹnu mi sì ti sọ a dúpẹ́ kí n tó mọ̀. Mo ní kó dìde kó wò mí lójú. Mo sọ fún un pé bípí rẹ ti ga, pé ojú rẹ ti ń ṣú, pé kó sáré pe dókítà kí gìrì tó gbé ọ. Ó ní o wà ní yàrá oògùn, pé o ń fọwọ́ di orí mú, ṣùgbọ́n o ní kò sí nǹkan. Mo ní òun gan-an ni mo wá fún.

Mo ti fa ojú ewé yìí yọ, mo fi í ṣáájú àwọn yòókù, mo sì fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn mú un wá bá ọ. Òun nìkan ni kí o kà. Fi ìyókù sílẹ̀ dìgbà tí o bá ti bímọ.

Fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o jáde wá. Má kúnlẹ̀ fún mi. Dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé, kí o gbé ojú sókè. Tí mo bá bi ọ́ pé báwo ni, má dúpẹ́. Sọ ibi tó ń dùn ọ́.

Ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì ni mo jókòó sí. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tì mí bí mo ti ń kọ èyí. Mo rí ẹsẹ̀ wọn, mo sì rí òwú pupa. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wá ojú yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì wòkè. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò. Ojú tìrẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Ìyá rẹ.